Àgbàlá Ni Ọkàn Ilé: Bí Ìlú Vienna Ṣe Kó Ọ̀pọ̀ Èèyàn Jọ Láìjẹ́ Kí Ilé Há Mọ́ Wọn

Ẹni tí ó bá ti gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá rí, tí èéfín ìdáná ẹnìkan ń wọ ihò imú ẹlòmíràn, tí gbogbo ará ilé sì ń to ìlà ní ìdájí nítorí balùwẹ̀ kan ṣoṣo, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn lójú kan kò lè bí ohun mìíràn ju ariwo, àìsàn àti ìjà lọ. Bí a bá sì sọ fún un pé ìlú kan wà láyé yìí tí ó kó bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn sínú ilé kan ṣoṣo, tí ilé náà sì di ohun àmúyangàn fún ìlú, yóò wò wá bí ẹni tí ń pàlọ́ lọ́sàn-án gangan. Òótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú ńlá kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní ìwọ̀n, ó gbówó lórí, àwọn tí ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí lórí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Èrò tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni pé ilẹ̀ tí a kò kọ́ nǹkan kan lé lórí, ibi tí a fi í sí, àti ẹni tí a yàn láti máa tọ́jú rẹ̀, ni yóò sọ bóyá ilé elérò púpọ̀ yóò tura tàbí yóò di àtìmọ́lé.

Ìlú tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Vienna, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ọ́stríà: Vienna ọmọ odò Danube, ibùjókòó àwọn ọba Habsburg tí ọ̀pá àṣẹ wọn dé orí ẹ̀yà àti èdè lóríṣiríṣi, ìlú tí Mozart ti kọrin, tí Beethoven sùn sí, ìlú tí orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Oríkì náà dùn, ṣùgbọ́n ààfin ọba lọ́tọ̀, ilé mẹ̀kúnnù lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 1910, àwọn ará Vienna ti lé ní mílíọ̀nù méjì, nítorí pé láti ìgbèríko àti láti gbogbo ilẹ̀ ọba náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ wá síbẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Òfin ìlú fún onílé láyè láti kọ́lé sórí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní àgbàlá, ihò jíjìn tóóró tí oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ni ó máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún gbogbo ìdílé tí ó wà lórí àjà kan, ilé ìgbẹ́ náà kò sì jìnnà sí i. Owó ilé ga tó bẹ́ẹ̀ tí ayálégbé fi ń wá ẹni tí yóò bá a dá nínú rẹ̀, èyí ni ó sì bí àwọn ayábẹ́ẹ̀dì, èèyàn tí kò yá yàrá, tí kò tilẹ̀ yá igun yàrá, tí ó kàn yá bẹ́ẹ̀dì fún ìwọ̀nba wákàtí tí yóò fi sùn, kí ẹni tí ó ni bẹ́ẹ̀dì tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ikọ́ ife rí ibùgbé nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ó sì pa èèyàn títí wọ́n fi ń pè é ní àìsàn Vienna.

Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọdún 1918, ìjọba Habsburg sì fọ́ bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1919, ẹgbẹ́ òṣèlú Social Democrat, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ni ó borí nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní ọdún 1922, Vienna kúrò lábẹ́ ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká, ó di ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gba agbára láti gbé owó orí tirẹ̀ kalẹ̀. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere, ẹni tí ó sì wa kẹ̀kẹ́ náà ni Hugo Breitner, akápò ìlú. Ní ọdún 1923, ó gbé owó orí kan kalẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé kíkọ́: ẹni tí ń gbé inú yàrá kékeré san táṣẹ́rẹ́, ẹni tí ń gbé inú ilé aláruru san gọbọi, ó sì tún gbé owó orí mìíràn lé àwọn ohun afẹ́ lórí, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọtí ṣaǹpéènì. Àwọn ọlọ́rọ̀ kórìíra rẹ̀ dé góńgó, ṣùgbọ́n ilé ń hù láti inú ilẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ ìlú pinnu láti kọ́ fúláàtì 25,000 láàárín ọdún márùn-ún. Iye náà pé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1934, èyí tí wọ́n ti kọ́ ti lé ní 60,000, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ará ìlú ni ó ń gbé inú ilé tí ìlú kọ́. Owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san kò wà fún dídá owó tí a fi kọ́lé padà, bí kò ṣe fún ìtọ́jú ilé nìkan, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Nínú gbogbo ilé wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí òkìkí rẹ̀ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Karl-Marx-Hof, ilé gbọọrọ tí ó wà ní Heiligenstadt, ní apá àríwá ìlú náà. Karl Ehn, ayàwòrán ilé tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ògbólógbòó ọ̀gá nì, Otto Wagner, ni ó ya á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 1927, Karl Seitz tí í ṣe olórí ìlú nígbà náà sì ṣí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1930. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà kan, fúláàtì 1,382 ni a sì kọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí nìkan yóò ti máa fọkàn yàwòrán ògiri tí ó ga dí ojú sánmà, àti ọmọ ènìyàn tí ń fún ara wọn pa láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilẹ̀ tí a fún Ehn, bí ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kọ́lé lé lórí, gbogbo ìyókù ni ó fi sílẹ̀ fún koríko, igi, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ibi eré ọmọdé. Ẹ fi èyí wé ìdá 85 àwọn onílé àtijọ́, ẹ ó sì rí i pé ọ̀ràn náà ti yí padà bìrí: ilẹ̀ tí ó jẹ́ ilé tẹ́lẹ̀ ti wá di ọgbà tí ó yí ilé ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èèyàn ti ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Heiligenstadt tí ó kọjú sí i yóò kọ́kọ́ rí ògiri ràbàtà aláwọ̀ pupa àti ìyeyè, ilé ìṣọ́ mẹ́fà tí òpó àsíá wà lórí wọn, àti àwọn ẹnu ọ̀nà ńlá tí orí wọn rí roboto, tí ère ènìyàn dúró lókè wọn. Wọ́n fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èrò tí ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Hohe Warte fi ń gba abẹ́ wọn kọjá wọ̀ọ́wọ̀ọ́ láìkọlu ara wọn. Ẹni tí ń gbé inú ilé náà kì í ti ojú títì gun àtẹ̀gùn lọ tààrà sí yàrá rẹ̀. Ó ní láti gba ẹnu ọ̀nà wọ inú àgbàlá, kí ó rìn lẹ́bàá koríko, kí ó kí ẹni tí ó jókòó sórí àga lábẹ́ igi, kí ó yà fún ọmọdé tí ń sáré, kí ó tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tirẹ̀, nítorí inú àgbàlá ni ẹnu àtẹ̀gùn ṣí sí. Ètò yìí dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò ronú sí i, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ilé náà ró: nípa bẹ́ẹ̀ ni ará ilé fi ń mọ ará ilé, láìsí pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé, ìyá tí ń ro ọbẹ̀ lókè kàn lè yọjú lójú fèrèsé kí ó rí ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, àlejò tí kò sì ní iṣẹ́ rere kan í ṣe níbẹ̀ mọ̀ dájú pé ojú ń wo òun láti òkè. Àgbàlá tí ó bá wà lẹ́yìnkùlé, tí ẹnu ọ̀nà kankan kò ṣí sí, kì í pẹ́ di ààtàn, bí ó ti wù kí koríko rẹ̀ tutù tó lọ́jọ́ ìṣílé.

Láàárín àgbàlá yìí náà ni wọ́n kọ́ ilé ìfọṣọ ńlá méjì sí, tí ilé ìwẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn, nítorí nígbà náà fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ni ń mú omi gbóná, ẹ̀rọ ni ń fún aṣọ, ẹ̀rọ ni ń fi ooru gbẹ ẹ́. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ tí a kọ sínú ìwé, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ àyàfi alábòójútó kan ṣoṣo tí ń tọ́jú ẹ̀rọ. Kò sí ìdílé òṣìṣẹ́ kan nígbà náà tí ó lè dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rà, kò sì sí fúláàtì kan tí ó tóbi tó láti gbà á; ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí agbára ẹnìkan kò ká, ẹgbẹ̀rún ìdílé lè jọ ní in. Èyí ni ìtumọ̀ ohun àjọlò nínú ilé elérò púpọ̀: ó máa ń gba ẹrù kúrò nínú yàrá, kí yàrá kékeré lè tó gbé, kí owó rẹ̀ má sì ju apá ayálégbé lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá bèèrè pé kí ni ó kù tí ará ilé ń wá lọ síta? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ilé kò wà fún oorun nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣí Karl-Marx-Hof, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi wà nínú àgbàlá. Ilé ìkàwé wà, ibi ìtọ́jú eyín wà, ibi tí a ti ń gba abiyamọ nímọ̀ràn wà, ilé ìtajà oògùn àti ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi sì wà ní ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nínú pípa ilé pọ̀ mọ́ òwò kì í ṣe pé kí a kàn ju ṣọ́ọ̀bù sáàárín yàrá bí ó ti rí. Ohun tí ó bá ń pariwo, tí ń pe èrò, ojú títì ni kí ó kọjú sí, kí iná ṣọ́ọ̀bù lè mọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀nà lálẹ́, kí ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ má baà rìn nínú òkùnkùn. Ohun tí ó bá sì ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé àti yàrá ibùsùn, inú àgbàlá ni kí ó kọjú sí. Nípa bẹ́ẹ̀, arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn yóò ra oògùn rẹ̀ láìwọ ọkọ̀, abiyamọ yóò fi ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó dé ojú irin, ẹni tí ń tajà nísàlẹ̀ yóò sì ní oníbàárà tí kò ní í tán, nítorí orí òkè rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sùn.

Ayé kò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1934, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ́stríà, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dìhámọ́ra fi Karl-Marx-Hof ṣe odi, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì yin àgbá lù ú. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ pàdánù àṣẹ, wọ́n sì gba orúkọ ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1945. Ògiri dá lu níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ilé kò wó. Ìlú náà padà sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Lónìí, fúláàtì tí í ṣe ti ìlú Vienna tó bí 220,000, bí ìdámẹ́rin gbogbo ará ìlú ni wọ́n sì ń gbé inú wọn.

Láàárín ọdún 1973 sí 1985, ilé mìíràn tún dìde ní apá gúúsù tí ó fi ojú èrò kan náà hàn ní ọ̀nà tuntun. Alterlaa ni wọ́n ń pè é, Harry Glück ni olórí àwọn tí ó ya á. Glück gbà pé kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú ohun tí olówó ń wá kiri: ewéko nítòsí ilé, omi tí a lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àti ibi tí èèyàn ti lè pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ní bí a bá lè kó èèyàn púpọ̀ jọ sórí ilẹ̀ díẹ̀, owó tí a bá fi rí pamọ́ yóò tó láti fi nǹkan wọ̀nyí fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà ni ó ṣe gbé ọ̀wọ́ ilé mẹ́ta kalẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní àjà 23 sí 27, tí fúláàtì inú wọn lé ní 3,000, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ sì tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí àjà kejìlá, ilé náà ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ga, kí báńkónì kọ̀ọ̀kan lè rí oòrùn, a sì mọ kòtò erùpẹ̀ ńlá sí etí báńkónì náà tí ayálégbé ń gbin òdòdó àti igi wẹ́wẹ́ sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wò ó lókèèrè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní mọ ibi tí ọgbà tán sí, tí ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀gbà ìgbafẹ́ wà láàárín ọ̀wọ́ ilé kan àti èkejì, ilé ẹ̀kọ́, dókítà, ilé ìjọsìn àti ilé ìtajà wà nínú ọgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ eléré lóríṣiríṣi sì ní yàrá tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya àlejò lẹ́nu jù ni àwọn odò ìlúwẹ̀ẹ́ méje tí ó wà lórí òrùlé pátápátá, fún gbogbo ayálégbé. Ìdí tí Glück fi gbé wọn lọ sókè ni pé ẹni tí ó wọ aṣọ ìwẹ̀ tí ó sì ń wo gbogbo ìlú nísàlẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti awakọ̀ ti ń di ojúlùmọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé bú ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ní àgbékọjá ni. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ sì ni ó ń yìn ín jù, wọ́n kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ní àkókò tiwa yìí, Vienna ń kọ́ ìlú tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Seestadt sórí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ní Aspern, ní ìhà ìlà-oòrùn. Adágún ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ sí àárín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì ti dé ibẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ tó kó wọlé ní ọdún 2014. Ẹ kíyè sí ètò náà: ọ̀nà àti omi ṣáájú, ilé tẹ̀ lé e. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, wọn kò fi í sílẹ̀ fún onílé kọ̀ọ̀kan láti fi yá ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú owó wá. Alábòójútó kan ṣoṣo ni ó ń ṣètò ṣọ́ọ̀bù ojú pópó òwò ibẹ̀, kí oníbúrẹ́dì, olóògùn àti ilé oúnjẹ lè wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà di ti onítẹ́tẹ́ nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Yàrá inú Karl-Marx-Hof kéré, òfin ibẹ̀ sì le: àwọn ọmọ tí a torí wọn gbin koríko, wọ́n kà á léèwọ̀ fún wọn nígbà náà láti tẹ̀ ẹ́. Ìjà lórí ariwo, lórí ajá, lórí ẹni tí kò gbá ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kò tán ní ilé elérò púpọ̀ kankan rí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé wọ̀nyí ní alábòójútó tí ń gbé inú ọgbà, tí ó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ń gbálẹ̀, tí ń pàrọ̀ gílóòbù iná, tí ń parí ìjà kí ó tó dé iwájú adájọ́. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ Alterlaa kì í dédé mọ́. Owó ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú owó tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣooṣù. Ohun àjọlò tí kò ní olùtọ́jú, tí kò sì ní owó ìtọ́jú, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó ni ín.

Àwa tí a mọ agbo ilé, tí ojúlé gbogbo kọjú sí àgbàlá kan, tí àgbà ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó sì ń fi ojú tọ́jú ọmọ ẹni gbogbo, kò yẹ kí ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí wa; ohun tí Ehn ṣe ni pé ó gbé ojúlé sórí ojúlé, ó sì fi àgbàlá sílẹ̀ ní àyè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ àwòrán ilé elérò púpọ̀ síwájú wa, yálà ìjọba ni tàbí oníṣòwò ilé, igi gànnàǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: kí a má kọ́kọ́ bèèrè iye yàrá, kí a bèèrè ibi tí ilẹ̀ òfìfo wà, ẹnu ọ̀nà mélòó ni ó ṣí sí i, fèrèsé ta ni ó ń wò ó, ta ni yóò máa gbá a, àti láti inú àpò wo ni owó rẹ̀ yóò ti máa jáde. Bí wọ́n bá dáhùn pé ilẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù ni àwọn yóò fi ṣe àgbàlá, kí a dá àwòrán náà padà fún wọn. Nítorí ògiri tí a bá mọ kéré, a lè fi kún un lọ́la, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bá ti kọ́lé bò, kò sí ìgbìmọ̀ ìlú tí ó rọrùn fún láti gbà á padà.